Oko Mi Ti Baje: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ẹ̀fẹ̀ Láàárín Àwọn Ọ̀rẹ́ Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹnìkejì yín fà wá. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwàdà, èrò ọkàn àti ìtàn kéékèèké tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń pín láàárín ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí nìyí, ojú ẹlẹ́rìn-ín mẹ́ta ló fi fèsì, àwọn tí omijé ń bọ́ lójú wọn yẹn. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í. Mo wo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bá mi yọ̀ ni, àbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi fi ojú mẹ́ta yẹn sápò ná, a ó padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlá ni wá nínú gúrúùpù kan lórí fóònù, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí a ti wà níbẹ̀. Ẹ má bi mí ní ohun tí gúrúùpù náà wà fún, torí kò wà fún nǹkan kan. Ẹni tó dá a sílẹ̀ fẹ́ ká fi ṣètò ìpàdé kan. Ìpàdé kò wáyé, gúrúùpù wà títí dòní. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, kọ gbólóhùn kan ṣoṣo síbẹ̀: “Oko mi ti baje.” Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Bó ṣe kọ ọ́ tán, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, torí ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yí ọkàn baálé rẹ̀ padà, ó fi kún un pé kò sí ìgbéyàwó tí ìjì kì í jà. Ẹnìkejì béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì ni tàbí gíà, torí òun mọ mẹkáníìkì kan tí kì í purọ́. Ẹnìkẹta, tí ọkàn rẹ̀ kì í kúrò lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní kó má banújẹ́, kó tún ilẹ̀ náà ro, kó tún un gbìn. Ẹnìkẹrin ni aláwàdà wa. Òun ní irin tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́ láyé ìsinyìí ni kò dáa. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní kó ní sùúrù, ọ̀rọ̀ náà á yanjú. Àwọn kan ní kó tà á, kó fi owó rẹ̀ ra tuntun. Ẹnìkan wá wà tó ka ìmọ̀ràn méjèèjì pọ̀, tó sì gbaná jẹ pé irú èèyàn wo ló máa ní kí obìnrin ta ọkọ rẹ̀! Nígbà tí ẹlẹ́jọ́ fi máa gbé fóònù ní ìrọ̀lẹ́, ìdáhùn tó ń dúró dè é ti lé ní 80. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kọ: “Moto ni o.”

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́wọ́, ìbáà ṣe fóònù, ìbáà ṣe eyín, ìbáà ṣe ètò tó fi oṣù mẹ́ta ṣe, “oko mi ti baje” ni yóò kọ, láìsí àmì ohùn, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, ẹ ṣé. Àmọ́ ẹ̀rín yín kò tó tiwa, kò sì lè tó o. Ẹ̀yin gbọ́ ìtàn. Àwa wà níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀rín méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Lójú tèmi, ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín láàárín ọ̀rẹ́ ni ohun tí a ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwàdà kàn ń ṣí ìdérí rẹ̀ ni.

Kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Robert Provine, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ẹ̀rín, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde, wọ́n ń tẹ́tí sí àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ ní gbangba. Wọ́n ṣàkọsílẹ̀ ìgbà 1,200 tí ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ẹ̀rín kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rò pé àwàdà aládùn ló kún inú ìwé wọn. Rárá o. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó fa ẹ̀rín, èyí tó jọ àwàdà kò ju nǹkan bíi 10 sí 20 lọ. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ bíi “Ṣé ó dá ọ lójú?” Ẹ kọ “Ṣé ó dá ọ lójú?” sínú ìwé, kí ẹ gbé e fún àlejò kó kà á, ẹ ò ní rí eyín rẹ̀. Provine tún rí i pé ẹni tó wà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ní nǹkan bí ìlọ́po 30 ju ẹni tó dá wà lọ. Ó tún ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ju ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara mi, nígbà míì èmi náà ni mo máa ń gbẹ̀yìn.

Ẹ wá wo bí èdè wa ṣe pín ọ̀rọ̀ yìí. A máa ń bá èèyàn ṣàwàdà. A máa ń bá èèyàn dápàárá. Àmọ́ a máa ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, a máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, a máa ń fi í rẹ́rìn-ín. “Bá” àti “fi”. Nínú “bá”, àwa méjèèjì la jọ wà lórí ìjókòó kan. Nínú “fi”, ìwọ lo di ìjókòó.

Gbólóhùn kan náà lè jẹ́ “bá” láàárọ̀ kó di “fi” lálẹ́. “Ìwọ mà gbọ́n o.” Bí a bá wà lójúkojú, ohùn mi, ojú mi, bí mo ṣe fi èjìká kàn ọ́ fẹ́rẹ́, á sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Lórí fóònù, lẹ́tà nìkan ló dé ọ̀dọ̀ rẹ: “Iwo ma gbon o.” Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, a ò tilẹ̀ tíì mọ̀ bóyá mo ń yìn ọ́ ni, bóyá mo ń bú ọ ni, tàbí òtútù ló mú ọ tí mo ní kí o má gbọ̀n.

Lọ́dún 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn akẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀ràn yìí gan-an. Wọ́n ní kí àwọn kan fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn gbólóhùn kan jẹ́ òótọ́ inú, àwọn yòókù jẹ́ irú èyí tí a máa ń sọ ní òdìkejì ohun tó wà lọ́kàn wa. Wọ́n bi àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tó gbà á máa dá mọ̀. Wọ́n ní 78. Nígbà tí wọ́n fi ohùn sọ ọ́, 73 ni wọ́n dá mọ̀. Kò jìnnà síra. Nígbà tó jẹ́ ímeèlì, 56. Ẹ rántí pé ohun méjì péré ló wà láti mú nínú rẹ̀: ẹni tó bá ju owó ẹyọ sókè láì ka nǹkan kan á gba nǹkan bí 50. Gbogbo ọgbọ́n tí a rò pé a rọ́ sínú ọ̀rọ̀ wa, mẹ́fà péré ló fi ju ti owó ẹyọ lọ! Ohun tó fà á kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú orí bó ṣe ń tẹ lẹ́tà. Ó ti gbàgbé pé lẹ́tà nìkan ló ń lọ, ohùn ò bá a lọ.

Ìṣòro náà sì ti dàgbà ju fóònù lọ. Lọ́dún 1668, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Wilkins ti dábàá pé kí àwọn òǹkọ̀wé máa dorí àmì ìyanu kodò bí ọ̀rọ̀ wọn bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Èyí tí wọ́n dáhùn ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1982, inú lífíìtì ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ojúkò kan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ń jiyàn pé bí okùn lífíìtì bá já, tí lífíìtì ń já ṣòòròṣò bọ̀ nílẹ̀, kí ni yóò ṣe àbẹ́là tó ń jó nínú rẹ̀? Kí ni yóò ṣe ẹ̀kán mẹ́kúrì, irin olómi tó lóró yẹn, tó wà nílẹ̀ rẹ̀? Ẹnìkan wá fi ṣe ẹ̀fẹ̀: ó kọ ìkìlọ̀ pé mẹ́kúrì ti ba lífíìtì kan nínú ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ nítorí ìwádìí tí wọ́n ń ṣe. Àwọn tó ti ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú kò rẹ́rìn-ín. Ìkìlọ̀ tòótọ́ ló rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wá àtẹ̀gùn.

Ìdí nìyẹn tí Scott Fahlman, ọ̀kan nínú wọn, fi kọ̀wé ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún náà pé kí wọ́n máa fi àmì yìí, :-), sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ àwàdà, kí ẹni tó ń kà á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún fi kún un pé bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, ó jọ pé ohun tí kì í ṣe àwàdà ló yẹ kí wọ́n máa sàmì sí, torí ìyẹn ló kéré níye, ó ní kí wọ́n lo :-( fún un. Ẹ rí i pé àwàdà ló fi dá àmì àwàdà sílẹ̀. Ìwé náà sọnù fún ogún ọdún kí wọ́n tó tú u jáde nínú àkójọ àtijọ́ lọ́dún 2002. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú yẹn. Àwàdà náà kò yí padà láàárín òun àti àwọn tó kù. Ohun tó ṣáájú ló sọnù sí i lára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú wá ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1999, ọmọ Japan kan, Shigetaka Kurita, yàwòrán ímójì 176 fún ilé iṣẹ́ fóònù NTT DoCoMo. Lọ́dún 2015, àwọn aláṣẹ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford mú ojú ẹlẹ́rìn-ín olómijé ní ọ̀rọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú. Òun náà ni ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ojú yẹn ń sọ pé ẹ̀rín wà níbẹ̀, kò sọ bóyá “bá” ni tàbí “fi”. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ máa ń lò ó, ẹni tó ń gàn ọ́ náà máa ń lò ó. Nínú àríyànjiyàn àwọn tí kò mọra, mo ti rí i tí wọ́n ń fi ojú yẹn lu ara wọn bí ẹní fi kùmọ̀.

Ẹ̀rín tí a ń fi lẹ́tà kọ wá dùn mọ́ mi jù. Àwọn ará Thailand máa ń kọ 555, torí “hâ” ni wọ́n ń pe márùn-ún. Àwọn elédè Sípáníìṣì ń kọ jajaja, àwọn ará Brazil ń kọ kkkkk. Àwọn ará Japan ń kọ w, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ẹ̀rín. Bó bá pọ̀ lórí ìlà, wwwww, ó jọ koríko, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí koríko di ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹ̀rín. Àwọn Faransé ń kọ mdr, ìyẹn ni pé ẹ̀rín ti pa wọ́n kú. Àwa náà ń kú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jókòó sórí àga kan náà lọ́jọ́ kan, mo rí i tó tẹ̀ ẹ́ sí gúrúùpù pé “Ẹ̀rín ti pa mí, mo kú o.” Mo wo ojú rẹ̀. Ó le bíi pákó. Kò tilẹ̀ mí dáadáa. Mo ní, “Ìwọ tí o kú yìí, ṣé ara rẹ le?” Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé ẹni tó sọ àwàdà yẹn ń ṣàìsàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò yẹ kí àwàdà rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ láìsí ẹni tó máa gbé e. Láti ìgbà náà, mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ nítorí ẹ̀rín tí kò rín.

Ó yẹ kí n sọ ti ìtàn ajá mi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ló máa dójú tì. Mo ní ìtàn kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ, nípa ọjọ́ tí ajá lé mi. Mo ti sọ ọ́ lójúkojú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì máa ń dùn. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ sí gúrúùpù wa, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tán. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ajá tún délẹ̀, mo bá tún un kọ, mo fi gbogbo ara kọ ọ́: bí ajá mẹ́ta ṣe yọ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe fò gun orí mọ́tò onímọ́tò, bí èyí tó tóbi jù nínú wọn ṣe ń wò mí bí ẹni tó ń ka owó tí mo jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan yọjú, ẹni tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ gúrúùpù. Ó kọ ọ́ pé: “Lọ́dún tó kọjá, ajá kan ni.”

Gbogbo wa dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn lọ wá èyí àkọ́kọ́ jáde, ó gbé e sójú gbogbo ayé. Lóòótọ́, ajá kan ni. Mọ́tò kò sí níbẹ̀ rárá. Àga ni mo gùn. Ajá náà, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ èmi fúnra mi ṣe kọ ọ́, “kéré díẹ̀”. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Baba Alájá Mẹ́ta, títí kan àwọn tí mo bí ẹ̀gbọ́n wọn.

Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yẹn kò lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣáájú wa. Ìtàn tí a ń fi ẹnu sọ máa ń dàgbà bí ọmọ. Lónìí ó ń rá, lọ́la ó ń sáré. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ní ti àná lọ́wọ́ tó lè fi wé e, kò sì wá a. Ohun tó ń wá ni pé kí ìtàn náà dùn. Mi ò kà á sí irọ́ rárá. Ajá kan náà, bí o bá wà níwájú rẹ̀, kì í kéré. Àmọ́ lórí fóònù, ìtàn ọdún tó kọjá ṣì wà níbi tí o kọ ọ́ sí, bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. A ń tàkúrọ̀sọ bí ẹni pé ẹnu ni a fi ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí akọ̀wé ilé ẹjọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mọ èyí, wọ́n sì dárí jì mí. Bó bá jẹ́ pé àárín àwọn tí kò mọ̀ mí ni, “òpùrọ́” ni orúkọ mi ì bá jẹ́. Láàárín ọ̀rẹ́, mo gba oyè.

Ní ti ọkùnrin tó dákẹ́ yẹn, ó tún padà sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Jakob Nielsen, tó ti ń kọ̀wé tipẹ́ nípa bí èèyàn ṣe ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ ọ́ lọ́dún 2006 pé níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá péjọ sí lórí rẹ̀, nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló kàn ń kà, 9 ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo náà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé àwọn tó dákẹ́ ti sùn. Mo ti mọ̀ báyìí. Wọ́n ń ka iye ajá.

Ọ̀rọ̀ èrò ọkàn wá ńkọ́? Ẹ ó rántí aṣọ kan tó da ayé rú ní oṣù kejì ọdún 2015. Àwòrán aṣọ obìnrin kan ni, fọ́tò lásán. Àwọn kan wò ó, wọ́n rí búlúù àti dúdú. Àwọn kan wò ó lójú fóònù kan náà, wọ́n rí funfun àti àwọ̀ wúrà. Lọ́kọláya ò gbà fúnra wọn. Búlúù àti dúdú ni aṣọ náà, ẹni tó bá rí wúrà níbí kó má bínú. Ìmọ́lẹ̀ tí ọpọlọ èèyàn rò pé ó tàn sí aṣọ náà ló fa ìyàtọ̀: ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ gbà pé òjìji ló bò ó á yọ búlúù kúrò, á rí funfun. Nínú gúrúùpù wa, ọjọ́ méjì la fi jà á. Ẹ̀yìn ìyẹn la tún jà lórí ibi tó yẹ kí èèyàn ti máa fún ọṣẹ ìfọyín, ìdí rẹ̀ ni àbí àárín. A tún jà lórí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ tí kò fèsì. Láti ìgbà tí WhatsApp ti gbé àmì búlúù méjì yẹn dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ìjà ìyẹn ò tíì parí.

Ẹ lè ní ìranù ni. Èmi ò gbà. Lórí ọ̀ràn ńláńlá, èèyàn mélòó ló ń sọ tinú ara rẹ̀? Ohun tí ẹgbẹ́ tiwa ń sọ là ń sọ. Mo lè bá ọ parí gbólóhùn rẹ kó o tó là á tán. Àmọ́ kò sí ẹgbẹ́ tó fún ẹnikẹ́ni ní ìlànà lórí ọṣẹ ìfọyín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí kì í gbà pé òun jẹ̀bi, ẹni tó máa ń tètè tọrọ àforíjì kí ilé lè tòrò, àti ẹni tó máa gbé ẹ̀rí wá ní agogo méjì òru. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gidi wá délẹ̀ láàárín wa, ọ̀rọ̀ owó ni, mo ti mọ ẹni tí mo máa kọ́kọ́ pè àti ẹni tí mo máa jẹ́ kó sùn ná.

Kì í ṣe gbogbo àwàdà ló nílò ọ̀rẹ́ o. Ìwé àwàdà kan wà láti ọwọ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́, ó ti tó nǹkan bí 1,500 ọdún. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan lọ bá ẹni tó ta ẹrú fún un, ó ní, “Ẹrú tí o tà fún mi ti kú.” Onítọ̀hún ní, “Ó mà ṣe o! Nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, kò dán irú ẹ̀ wò rí.” Òmíràn: onígbàjámọ̀ tó lẹ́nu púpọ̀ bi oníbàárà pé báwo ni òun ṣe máa gé irun rẹ̀, oníbàárà ní, “Pẹ̀lú ẹnu dídákẹ́.” Ẹ rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó mọ onígbàjámọ̀ náà nínú yín. Ọjà tó bàjẹ́ àti ẹlẹ́nu púpọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n. Irú ìyẹn lè rìn jìnnà. “Oko mi ti baje” kò lè sọdá títì.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi ipá gbé e sọdá. Ẹ̀rọ ti sọ ìyẹn di nǹkan kékeré. Ìka kan ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, WhatsApp fi òté lé e kárí ayé pé èèyàn ò lè darí ọ̀rọ̀ kan síbi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, torí àhesọ tó ń tàn kálẹ̀. Àhesọ ni wọ́n rò. Èmi rò ó fún àwàdà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, tó gbé àpárá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sáàárín àwọn tí kò mọ ọ̀rẹ́ náà, ti sọ “bá” di “fi”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yí lẹ́tà kan padà.

Nígbà míì, ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gbé e. Ọwọ́ ara ẹni ni. Mo wà níbi ìpàdé kan tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù, ọ̀gá kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tán. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi pé, “Ẹ bá mi bẹ bàbá yìí, oorun ti fẹ́ gbé mi ṣubú.” Mo kọ ọ́ tán, mo rẹ́rìn-ín, mo wo òkè ojú fóònù. Gúrúùpù ìpàdé ni. Ó ti tó ọdún kan nígbà náà tí WhatsApp ti jẹ́ kí èèyàn lè pa ọ̀rọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó gbà á, mo bá pa á rẹ́ wàrà. Ohun tó ṣẹ́kù síbẹ̀ wá ni àkọlé tó ń kéde pé a ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, orúkọ mi sì wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Ọ̀gá náà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ó ní, “Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.” Ó sì parí lóòótọ́. Nígbà tó yá, òun ló pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní oorun ti ń kun òun náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. “Bá” ni.

Ní ti ojú ẹlẹ́rìn-ín mẹ́ta tí a fi sápò, mo bi ọ̀rẹ́ mi lánàá pé, “Jọ̀ọ́, ṣé ò ń bá mi ni, àbí ò ń fi mí?” Mo ti ka apá kan ọ̀rọ̀ yìí sí i létí tẹ́lẹ̀. Ohun tó kọ padà ni: “555.”

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ lórí àwọn tó máa ń fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ ránṣẹ́, àmọ́ mo rí ẹnìkan ní ìlà ẹ̀yìn yẹn tó ti dorí kodò sí fóònù rẹ̀ láti bí ìgbà díẹ̀, ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, ẹ wo òkè ojú fóònù yín dáadáa. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.